Ìtàn Ìdánwò Àwọn Tí Ó Fẹ́ Di Dókítà

Àwọn àgbà ní ojú bọ̀rọ̀ kọ́ ni a fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́. Bí òwe kan bá wà tí ó bá ọ̀ràn àwọn ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ di dókítà mu ní ilẹ̀ wa, òwe yìí ni. Ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn há, àwọn tí ó sì tò síwájú rẹ̀ pọ̀ bí eṣú. Ẹni tí ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kò lè jẹ́ kí gbogbo wọn wọlé, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ó máa wo ojú wọn kí ó wí pé, "Eléyìí jọ dókítà, ẹ jẹ́ kí ó kọjá." Ohun tí a fi ń ya àwọn tí yóò wọlé sọ́tọ̀ ni à ń pè ní ìdánwò.

N kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jiyàn bóyá ó yẹ kí ìdánwò wà tàbí kò yẹ. Ẹni tí a ó fi ọ̀bẹ lé lọ́wọ́ kí ó fi la ikùn ènìyàn, ó yẹ kí a dán an wò, kí a sì tún un dán wò. Ohun tí mo fẹ́ kí èmi àti ẹ̀yin òǹkàwé jọ yẹ̀ wò ni èyí: láti ìgbà tí ọmọ ilẹ̀ wa ti ń kọ́ iṣẹ́ dókítà, kí ni àwọn tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ń bèèrè? Ohun tí ìdánwò bá bèèrè ni àwọn ọ̀dọ́ yóò fi gbogbo agbára wọn kọ́. Ohun tí kò bá bèèrè, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọn yóò fi í sí.

Èdè ni èmi ń kọ́ ní yunifásítì. N kò mọ bí a ti í di ọgbẹ́. Ṣùgbọ́n ní Dàda Estate ní Òṣogbo, níbi tí ilé wa wà, bí mo bá ti wálé, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò a máa wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní ìrọ̀lẹ́ kí n lè kọ́ wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nítorí ìdánwò JAMB. Púpọ̀ nínú wọn ni ó fẹ́ di dókítà. Bí mo ti ń kọ́ wọn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi léèrè ohun tí ó mú èmi tí mo jẹ́ ọmọ èdè di ọ̀kan nínú àwọn tí ń ṣí ilẹ̀kùn ilé ìṣègùn fún ènìyàn. Ìbéèrè yìí ni ó lé mi wọ inú ìtàn.

Kí òyìnbó tó dé, ìdánwò ti wà ní ilẹ̀ wa. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn a lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọ̀gá. A máa bá a já ewé, a máa bá a wa egbò, a máa gún, a máa lọ̀, a sì máa gbọ́ bí ọ̀gá ti ń bi aláìsàn léèrè ọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni ọmọ iṣẹ́ fi ń ṣe èyí. Kò sí ọjọ́ kan pàtó tí a lè pè ní ọjọ́ ìdánwò, nítorí pé gbogbo ọjọ́ ni. Ọ̀gá ń wò ó bóyá ó rántí ohun tí a kọ́ ọ lánàá, bóyá ó lè pa àṣírí aláìsàn mọ́, bóyá ojú kòkòrò kò sí lára rẹ̀, bóyá ó ní sùúrù fún arúgbó tí ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ṣùgbọ́n kí a má fi ìfẹ́ ilé pa òtítọ́ mọ́lẹ̀: ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń ṣe ìdájọ́ níbẹ̀. Bí ọ̀gá bá kórìíra ọmọ, kò sí ẹni tí yóò gbà á sílẹ̀. Bí ọ̀gá bá sì kú láìsọ ohun tí ó mọ̀, ó gbé e lọ nìyẹn.

Ní 1855 ni ọ̀nà mìíràn là. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń kú bí ewé, àwọn dókítà òyìnbó tí ń tọ́jú wọn náà sì ń kú. Àwọn aláṣẹ ológun ní Ìlú Ọba rò ó pé yóò dára bí a bá rí ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà kọ́ ní iṣẹ́ náà, wọ́n sì bẹ ẹgbẹ́ ìjọ CMS kí ó bá wọn wá àwọn tí ó yẹ. Ọmọkùnrin mẹ́ta ni wọ́n mú láti ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay ní Sàró: William Davies, James Horton, àti Samuel Campbell. Ọmọ Yorùbá tí a gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú ni àwọn òbí Davies. Ìbò ni àwọn òbí Horton. King's College ní London ni a kó wọn lọ. Campbell ṣàìsàn, ó sì kú. Àwọn méjì tí ó kù parí ẹ̀kọ́ wọn, wọ́n sì di dókítà ológun ní 1859.

Kí ni ìdánwò tí a fi yan àwọn mẹ́ta yìí? Ẹnu àwọn olùkọ́ àti àwọn àlùfáà ni. Ẹni tí wọ́n bá jẹ́rìí sí pé orí rẹ̀ pé, pé ìwà rẹ̀ dára, òun ni ó lọ. Ní ọ̀nà kan, ó jọ ti ọ̀gá oníṣègùn àtijọ́: ẹni tí ó mọ ọmọ ni ó ń jẹ́rìí ọmọ. Ṣùgbọ́n ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọ nìkan ni ó lè dé iwájú àwọn ẹlẹ́rìí wọ̀nyí. Horton fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ọ̀nà náà há jù. Ní 1861 ó kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé kí wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kan sílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kí àwọn ọ̀dọ́ lè kọ́ ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà nílé kí wọ́n tó kọjá sí òkè òkun. Wọn kò ṣe é.

Àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn bá ẹnu ọ̀nà mìíràn pàdé. Òfin 1858 ní Ìlú Ọba ti dá ìgbìmọ̀ alábòójútó iṣẹ́ dókítà sílẹ̀, ìgbìmọ̀ náà sì fẹ́ kí ẹni tí yóò kọ́ ìṣègùn kọ́kọ́ yege nínú ìdánwò ìmọ̀ ìwé gbogbo. Ẹ gbọ́ ohun tí ó wà nínú rẹ̀: èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, àti èdè Látìnì. Ẹni tí kò gbọ́ Látìnì, kò tí ì ṣe é mọ̀ bóyá ó lè mọ ẹ̀dọ̀ yàtọ̀ sí ọlọ inú. Látìnì kì í ṣe èdè aláìsàn kankan láyé ní ìgbà náà. Ṣùgbọ́n òun ni èdè àwọn ọ̀mọ̀wé, òun ni wọ́n sì fi ń mọ ọmọ ẹni tí ó lọ sí ilé ìwé rere. Níhìn-ín ni mo ti kọ́kọ́ rí i pé ìdánwò ìṣègùn, ìdánwò èdè ni ó kọ́kọ́ jẹ́.

Àwọn ènìyàn wa la ibẹ̀ kọjá. Nathaniel King, tí ó ti kọ́kọ́ kọ́ iṣẹ́ náà ní Abẹ́òkúta lọ́dọ̀ Dókítà Harrison, òyìnbó CMS, gba oyè ní Edinburgh ní 1876. Obadiah Johnson náà kàwé ní London àti ní Edinburgh. John Randle, tí ó ti ń po oògùn ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Èkó, yege ní Edinburgh ní 1888. Èyí tí ó kan àwa ará Ọ̀ṣun jù lọ nínú wọn ni Oguntọla Sapara. Sàró ni a ti bí i ní 1861, ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀ṣà, láti Iléṣà, ni bàbá rẹ̀. Alexander Johnson Williams ni orúkọ tí a sọ ọ́. Òun fúnra rẹ̀ ni ó padà gba orúkọ ilẹ̀ wa. Ó ti kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé àti iṣẹ́ oògùn pípò kí ó tó lọ sí London ní 1888, ó sì di dókítà ní 1895.

Ẹ wo ohun tí méjì nínú wọn fi èdè ilẹ̀ wọn ṣe lẹ́yìn tí wọ́n ti kọjá ẹnu ọ̀nà Látìnì. Nígbà tí ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson parí ní 1897 sọnù lọ́wọ́ àwọn òǹtẹ̀wé, tí Samuel sì kú ní 1901, Dókítà Obadiah, àbúrò rẹ̀, ni ó jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù, tí ó tún ìwé náà kọ, kí ó tó jáde ní 1921. Sapara ní tirẹ̀ wọ àárín àwọn olùsìn Ṣọ̀pọ̀ná. Ó bá wọn sọ̀rọ̀ ní èdè wọn, ó gbọ́ àṣírí wọn, ó sì rí i bí àwọn kan nínú wọn ti ń tan àrùn náà kálẹ̀. Ohun tí ó rí ni ó mú kí ìjọba fi òfin de ìsìn náà. Kò sí ẹni tí ó bi í léèrè ní Edinburgh bóyá ó gbọ́ Yorùbá. Ṣùgbọ́n bí kò bá gbọ́ Yorùbá ni, kò bá má lè ṣe iṣẹ́ náà.

Ní 1902 ni a ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn dókítà wa lójú. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó gbogbo iṣẹ́ dókítà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pọ̀ sí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, ó sì fi í ṣe òfin pé ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ òyìnbó kò lè wọ inú rẹ̀. Àwọn dókítà ọmọ ilẹ̀ wa tí ó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ni a kọ orúkọ wọn sí ìwé ọ̀tọ̀, owó wọn kéré, òyìnbó tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ sì lè jẹ́ ọ̀gá lé wọn lórí. Ìwé ẹ̀rí kan náà ni wọ́n ní, ìdánwò kan náà ni wọ́n ṣe. A ti wá yí ìbéèrè padà: a kò bi wọ́n ní ohun tí wọ́n mọ̀ mọ́, ohun tí wọ́n jẹ́ ni a ń bi wọ́n.

Lẹ́yìn èyí ni a dé Yábà. Ní 1930 ni ìjọba dá ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀ níbẹ̀, ní oṣù Kìn-ín-ní 1934 ni a sì ṣí Ilé Ẹ̀kọ́ Gíga Yábà pẹ̀lú ayẹyẹ. Ìdánwò àṣewọlé rẹ̀ le. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń mú ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi òógùn ojú wọlé, tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kàwé, ìwé ẹ̀rí tí Nàìjíríà nìkan mọ̀ ni yóò gbà jáde, olùrànlọ́wọ́ dókítà ni yóò sì jẹ́ lábẹ́ òyìnbó. Inú bí àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó. Ní ọdún 1934 náà ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ Èkó sílẹ̀, èyí tí ó di Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ Nàìjíríà ní 1936. Ta ni ààrẹ wọn? Dókítà J. C. Vaughan, tí ó kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ní Glasgow ni. Àwọn bí Ernest Ikoli, H. O. Davies àti Samuel Akinsanya wà pẹ̀lú rẹ̀. Bí a bá wò ó dáadáa, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ tí ó kọ́kọ́ ṣe òṣèlú gidi ní ilẹ̀ wa, ọ̀ràn ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ wà nínú ohun tí ó bí i. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀ràn ìdánwò, ọ̀ràn ọmọdé ni.

N kò gbọ́dọ̀ gbàgbé àwọn obìnrin, nítorí pé ilẹ̀kùn tiwọn ní àgádágodo méjì. Agnes Yewande Savage, ọmọ Dókítà Savage ará Èkó, ni obìnrin Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ó kọ́kọ́ gba oyè dókítà, ní Edinburgh ní 1929. Elizabeth Abimbọla Akerele, tí a wá mọ̀ sí Dókítà Awoliyi, yege ní Dublin ní 1938, ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó ṣe iṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà. Lónìí, nínú àwọn ọ̀dọ́ tí ń wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, àwọn ọmọbìnrin ni ó pọ̀ jù.

Ní 1948 ni Ìbàdàn dé. Ọmọ ilé ìwé 104 ni ó ti Yábà kọjá síbẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ gíga náà, ẹ̀kọ́ ìṣègùn sì wà níbẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Yunifásítì London ni ó ń fún wọn ní oyè títí di 1962, nítorí náà òṣùwọ̀n London ni a fi ń wọn ọmọ Ìbàdàn. Èyí wo ọgbẹ́ Yábà sàn: oyè tí ẹnikẹ́ni kò lè pè ní oyè àbọ̀ ni. Ní 1957 ni a ṣí ilé ìwòsàn ńlá UCH. Lẹ́yìn náà ni Èkó ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn tirẹ̀ ní 1962, Ifẹ̀ náà sì tẹ̀ lé e. Ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ni ó ń ṣe ìdánwò àṣewọlé tirẹ̀ ní ìgbà náà. Ẹni tí ó bá lówó fọ́ọ̀mù mẹ́ta lè dán orí rẹ̀ wò níbi mẹ́ta. Ẹni tí kò bá ní, ibì kan ni yóò dúró sí.

Kí a tó dé orí JAMB, ẹ jẹ́ kí a yà sí Amẹ́ríkà díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni irú ìdánwò tí gbogbo ayé ń ṣe lónìí ti hù. Ní àwọn ọdún 1920, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà ń já kúrò lẹ́nu ẹ̀kọ́ wọn. Ní ilé ẹ̀kọ́ mìíràn, 5 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ní òmíràn, ó tó 50. Ní 1928, ọ̀gbẹ́ni kan tí ń jẹ́ F. A. Moss ṣe ìdánwò kan tí kì í kàn ṣe láti mọ ohun tí ọmọ ti kọ́, bí kò ṣe láti mọ bóyá ó ní orí tí ó lè gba ẹ̀kọ́ ìṣègùn: ṣé ó lè ka ọ̀rọ̀ kí ó yé e, ṣé ó lè rántí, ṣé ó lè ronú já ọ̀ràn. Ìdánwò ẹ̀bùn òye ni a lè pè é. Láti ara rẹ̀ ni ìdánwò MCAT ti àwọn ará Amẹ́ríkà ti jáde. Ní 2006 ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Ìlú Ọba náà bẹ̀rẹ̀ irú tiwọn, tí a ń pè ní UCAT láti 2019.

Ohun kan yà mí lẹ́nu nípa àwọn ìdánwò méjèèjì yìí. Bí wọ́n ti ń dàgbà ni wọ́n ń padà sí ìbéèrè ọ̀gá oníṣègùn àtijọ́. Ní 2015, àwọn ará Amẹ́ríkà fi ìmọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá àti àwùjọ kún MCAT. UCAT ní apá kan tí ó ń bi ọmọ bí yóò ti hùwà bí ọ̀rọ̀ kan bá dé láàárín òun àti aláìsàn tàbí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn tí ó dá ìdánwò tí kò mọ ojú ẹnikẹ́ni sílẹ̀ ti rí i pé orí pípé nìkan kò tó.

Ní 1978 ni ìjọba àpapọ̀ dá JAMB sílẹ̀, kí ìdánwò kan ṣoṣo lè wà fún gbogbo yunifásítì. Láti 2005 ni àwọn yunifásítì ti ń ṣe àyẹ̀wò tiwọn lẹ́yìn JAMB, nítorí pé máàkì tí àwọn kan gbé wá kò bá ìmọ̀ orí wọn mu. Láti 2015 ni ó ti jẹ́ pé orí kọ̀ǹpútà nìkan ni a ti ń ṣe JAMB. Ẹni tí ó fẹ́ di dókítà yóò ṣe èdè Gẹ̀ẹ́sì, bàọ́lọ́jì, kẹ́mísírì àti físíìsì. Ìbéèrè 60 ni ti Gẹ̀ẹ́sì, 40 ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan ìyókù. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 180, wákàtí méjì ni a sì fi ń dáhùn wọn. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ìṣẹ́jú àáyá 40 fún ìbéèrè kan. Ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ìbéèrè náà, ti èdè Gẹ̀ẹ́sì ni. Látìnì ti lọ, Gẹ̀ẹ́sì jókòó sí àyè rẹ̀.

Nínú àwọn ọ̀dọ́ tí mo ń kọ́ ni ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan wà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ti ṣe ìdánwò yìí, ó sì ń múra ìkẹta. Bí a bá bi í bí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde láti inú ọkàn tí ó fi ń padà síbẹ̀, kò ní ta kókó kankan. Ibi tí ó ti ń pàdánù ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a ní kí ó mú òdìkejì rẹ̀ wá, ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni rí ní Òṣogbo, tí kò sì ní í gbọ́ lẹ́nu aláìsàn kankan títí yóò fi fẹ̀yìn tì. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó bi mí pé, "Bọ̀ọ̀dá mi, bí ó bá jẹ́ pé Yorùbá ni wọ́n fi ń bi wá ní gbogbo ìbéèrè yìí ni, ṣé n bá ti wọlé?"

Ìbéèrè náà kò rọrùn bí ẹ ti lè rò. Kẹ́mísírì tí ó mọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi mọ̀ ọ́n. Bí a bá gbé e fún un ní Yorùbá lọ́la, yóò kọ́kọ́ máa wá ọ̀rọ̀ kiri ni, nítorí pé a kò fi èdè wa kọ́ ọ láti kékeré. Ṣùgbọ́n a ti rí ẹ̀rí nítòsí pé ó ṣeé ṣe. Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ọdún mẹ́fà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní ilé ìwé St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́, tí wọ́n sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn. Wọ́n ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ, wọn kò sì ṣe ìdí nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ní 1984 ni ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá àkọ́kọ́ jáde lábẹ́ ọwọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé, láti fi hàn pé èdè wa lè dá ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ tirẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 2022. Ní 2025 ó fagi lé e. Nítorí náà, ohun tí mo sọ fún àbúrò mi ni pé kí ó mú ìwé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kí a tẹ̀ síwájú. Ẹni tí òjò ń pa kì í dúró bá ọ̀run ṣẹjọ́.

Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kan kù tí n kò lè ṣàìsọ. Ìdánwò tí ó bèèrè Gẹ̀ẹ́sì kò ṣẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ìwé ìṣègùn tí ọmọ náà yóò kà. Ohun tí ó dùn mí ni ohun tí ìdánwò kankan kò tí ì bèèrè láti 1855 títí di òní, èyíinì ni bóyá ẹni tí ó fẹ́ di dókítà gbọ́ ohun tí aláìsàn ń wí. Ẹ wo ọ̀rọ̀ wa. Ẹni tí ó ní "àyà ń dùn mí" àti ẹni tí ó ní "àyà ń já mi" kò ṣe àìsàn kan náà: ìrora ni ti èkínní, ìbẹ̀rù ni ti èkejì. "Ojú mi pọ́n" jẹ́ ọ̀ràn dókítà ojú. "Ojú ń pọ́n mi" jẹ́ ọ̀ràn owó oúnjẹ, ó sì lè jẹ́ òun gan-an ni ó fa àìsàn. "Inú ń run mí" àti "inú ń bí mi", ọ̀nà wọn jìn sí ara wọn. Ẹni tí kò gbọ́ ìyàtọ̀ wọ̀nyí, bí ó tilẹ̀ gba 400 nínú 400, àgbọ́yé rẹ̀ kò tí ì pé.

Mo sin ìyá mi àgbà lọ sí ilé ìwòsàn kan ní ìlú wa lẹ́ẹ̀kan. Dókítà tí ó rí i kì í ṣe ọmọ ẹ̀yà wa, ọmọlúàbí ni, ọwọ́ rẹ̀ sì yá. Nọ́ọ̀sì ni ó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀. Ohun tí ìyá mi àgbà fi ìṣẹ́jú mẹ́ta sọ, nọ́ọ̀sì sọ ọ́ ní gbólóhùn kan. Oògùn tí wọ́n fún un ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí a ti ń padà sílé ni ó ní, "Ọmọ yẹn mọ iṣẹ́. Àmọ́ n kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀." N kò fi èyí dá dókítà náà lẹ́bi. Ó kọ́ gbogbo ohun tí a bi í.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ẹjọ́ ọmọ èdè ni mo ń rò, kí ó wo Ìmẹ̀sí-Ilé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ní àwọn ọdún 1950 ni David Morley, dókítà òyìnbó tí ó bá ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ṣiṣẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún níbẹ̀. Ó ṣe káàdì tí a ń fi ìlà sàmì sí bí ọmọ ti ń wúwo sí i láti oṣù dé oṣù, ó sì fi káàdì náà lé ìyá ọmọ lọ́wọ́ kí ó máa mú un lọ sílé. Ìyá tí kò mọ̀wé lè wo ìlà kí ó mọ̀ bóyá ọmọ òun ń gòkè tàbí ó ń wálẹ̀. Ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tàn ká ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ayé. Morley kò sọ pé kí ìyá ọmọ lọ kọ́ èdè ìṣègùn kí ó tó wá. Ìṣègùn ni ó mú wá bá ìyá ọmọ ní èdè tí ojú rẹ̀ lè kà.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ìdánwò JAMB kò sí ní ìkáwọ́ wa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wà ní ìkáwọ́ wa. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń múra ìdánwò, kí a máa kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì tí yóò gbé wọn wọlé, kí á má sì jẹ́ kí wọ́n rò pé Yorùbá jẹ́ ẹrù tí a ń sọ̀ kalẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Kí àwa ẹgbẹ́ yìí sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan: kí olúkúlùkù, bí ó bá lọ sí ilé fún ìsinmi, kọ ọ̀rọ̀ tí àwọn ará ìlú rẹ̀ fi ń ṣe àlàyé àìsàn sílẹ̀, bí wọ́n ti ń sọ ọ́ ní Òṣogbo, ní Iléṣà, ní Ẹdẹ, ní Ìmẹ̀sí, àti ohun tí wọ́n ní lọ́kàn tí wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kí a tẹ̀ ẹ́ sí ìwé pẹlẹbẹ, kí a fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ọmọ Yorùbá àti ẹni tí kì í ṣe ọmọ Yorùbá. Èmi ti bẹ̀rẹ̀ tèmi ní Dàda Estate, ọ̀rọ̀ tí mo sì kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ nínú rẹ̀ ni "àyà jíjá".